Ihò Láàárín Ètò Méjì

Ẹ̀gbà ọwọ́ Mejọ Làmídì Ọ̀ṣínúbi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù nígbà tí ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Ó gbé ife sílẹ̀, ó fi ìka kan irin náà bí ìgbà tí ìyá bá ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Lánàá, ẹ̀gbà yìí gbóná débi pé ó ní láti na ọwọ́ síta ojú fèrèsé kí oorun tó lè gbé e lọ. Nísinsìnyí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń tutù sí i. Bí ètò tí ẹni tó wọ ẹ̀gbà ń rù bá ṣe lágbára tó ni irin náà ṣe ń gbóná. Ohun kan ṣoṣo ni ìyẹn lè túmọ̀ sí. Ẹnì kan ti mú nǹkan kúrò nínú ètò rẹ̀.

Kò bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí onítọ̀hún jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n.

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láìso okùn rẹ̀ dáadáa, ó jáde sórí Odi. Orí Odi náà gan-an ni ibùdó àwọn ọmọ-ogun wà, bí ilé tí wọ́n kọ́ lé òrùlé ilé mìíràn. Bí èèyàn bá wo ọwọ́ òsì, òkun ni yóò rí. Bí ó bá wo ọwọ́ ọ̀tún, ìlú Ìsàlẹ̀-Odi ni, tí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ ju omi lọ, tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí ẹja ì bá máa gbà kọjá bí kò bá sí Odi. Wọ́n ti kun ìlà yẹ́lò àti ìlà pupa sára Odi láti ìta. Láàárọ̀ yìí, ìgbì òkun ti ń lá ìsàlẹ̀ ìlà yẹ́lò. Atẹ́gùn ń fẹ́ fìlà kúrò lórí àwọn ṣọ́jà.

Nínú Gbọ̀ngàn Ètò, tábìlì díńgí mẹ́ta ni ó ń tàn, ètò kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pe ti Làmídì: bí òkun bá borí, kí wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn ará ìlú gba ojú títì lọ sórí ilẹ̀ gíga. Àgbọn ni ti ẹnìkejì: kí wọ́n gba ilẹ̀kùn Odi jáde sí èbúté, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn sọdá ọ̀sà. Ìrókò sì ni ẹ̀kẹta: kí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn Odi, kí oníkálukú jókòó síbi tí ó wà, kí wọ́n sì fàyà rán ìjì náà. Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà láàyè títí òkun yóò fi bo ìlà yẹ́lò. Ìgbà náà ni Ọ̀gágun tó lè dárúkọ ọ̀kan.

Kápítẹ́nì Ìbídùn Ẹ̀gbẹ́yẹmí, tó ń ru Àgbọn, dúró láàárín tábìlì rẹ̀ àti ti Ìrókò, ẹ̀gbà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀gbà kan lọ́wọ́ òsì.

"Ta ló mú àwọn arìnmi mi?" Làmídì ké láti ẹnu ọ̀nà. Arìnmi ni àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń rìn nínú omi tó mu èèyàn dé àyà. Àwọn ni eegun ẹ̀yìn Ọ̀pẹ.

"Èmi ni, ọ̀gá mi. Ẹ káàárọ̀." Obìnrin náà tẹ orúnkún díẹ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ ṣàkàṣàkà ni, ara ì bá tu Làmídì. Ìtẹríba yẹn ló ń gún un. "Omi ti já ojú títì lẹ́yìn afárá. Ọkọ̀ kò ní lè yára gba ibẹ̀. Mo ní kí n fi wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé dé èbúté."

"Láìbi mí?"

"Ọ̀gágun fọwọ́ sí i. Mo sì rán ìpè sí yín, ọ̀gá mi. Ẹ ò gbé e."

Òótọ́ ni. Ó rí orúkọ rẹ̀ lórí ìpè náà ní ìdájí, ó sì dojú ẹ̀rọ dé.

Ọ̀gágun Mábògùnjẹ́ ti ìdí tábìlì Ìrókò dìde, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. "Làmídì, má jẹ́ kí a fi èyí ṣe ìjà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá."

"Ọ̀gá, ètò mi ń kú lọ."

"Kò kú. Ó kàn ń sinmi ni."

Làmídì yíjú sí Ìbídùn. Òun ni ó kọ́ ọmọbìnrin yìí níṣẹ́. Nígbà tí Ìbídùn dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ṣọ́jà, ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí ó nawọ́ ní kíláàsì. Làmídì ló mú un jókòó níwájú, òun ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbé ètò sọ́kàn bí oyún, tí yóò jẹun nítorí rẹ̀, tí yóò sùn nítorí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Làmídì bẹ Ọ̀gágun pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ru ètò méjì pọ̀. Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkàn kan, ètò kan. Òfin ni." Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá Mejọ Ṣówándé tó ń ru Ìrókò dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọwọ́ Ìbídùn ni Ọ̀gágun fi ẹ̀gbà rẹ̀ sí. Òfin tí kò ṣeé tẹ̀ fún Làmídì tẹ̀ fún Ìbídùn bí ewé. Láti ìgbà náà, bí àwọn méjèèjì bá ti jọ ń rẹ́rìn-ín, Làmídì á máa rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

"Ìbídùn," Ọ̀gágun wí, "ká ní mo pe Àgbọn, tí òkun sì yí lójijì, tí ọkọ̀ ojú omi kò lè lọ mọ́ ńkọ́?"

"Màá yí i sí Ìrókò, sà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ti so gbogbo ilẹ̀kùn Odi mọ́ ohùn mi. Bí Àgbọn bá ti bẹ̀rẹ̀, tí mo bá dárúkọ rẹ̀ báyìí, wọ́n á tì. Tẹ́lẹ̀, ẹni méjì ní láti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ìyẹn ló ń fi àkókò ṣòfò."

Ọ̀gágun fi ọwọ́ gbá a léjìká. "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń ṣe!"

Inú Làmídì gbóná bí ẹni pé ó gbé omi ẹ̀kọ yẹn mì láìtíì tutù. Ó rọra rìn lọ sídìí tábìlì Àgbọn, ó tẹ̀ba lé e. Ẹnikẹ́ni ló lè wo ètò ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó rù ú nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Ihò ni Làmídì ń wá, ibi tí ètò náà ti lè jáni kulẹ̀. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ nípa èyí. Kì í ṣe nítorí àwọn ará ìlú ni ó fi ń wá a.

Ó wo ọkọ̀ ojú omi, ó wo àwọn atukọ̀, ó wo epo. Gbogbo rẹ̀ dán. Ó kúrò níbẹ̀, ó wo Ìrókò. Ìyẹn náà dán. Ó ti fẹ́ yí padà nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí ilé-ìwé. Nínú Ìrókò, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì wọn, ilẹ̀kùn sì tì. Nínú Àgbọn, àwọn ọmọ wà ní èbúté. Ìta ilẹ̀kùn ni èbúté wà.

Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Bí Ìbídùn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àgbọn, tí ó wá dárúkọ Ìrókò ní àárín ọ̀nà, ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ àwọn ọmọ náà sẹ́yìn Odi, pẹ̀lú òkun. Ìrókò kò ní mọ̀, nítorí kíláàsì ni ó gbà pé wọ́n wà. Kò sí ihò nínú ètò kankan. Àárín àwọn méjèèjì ni ihò wà. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni méjì ló ń rù wọ́n, ọ̀kan á sọ fún èkejì pé, dúró, àwọn èèyàn mi ṣì wà níta. Ọ̀rọ̀ wérewère yẹn ló máa ń dí i. Nísinsìnyí tí méjèèjì wà nínú orí kan, kò sí ẹni tí yóò bi ara rẹ̀.

Inú Làmídì dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì í, ńṣe ni inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. Nígbà tí ó gbójú sókè, Ìbídùn ń wò ó.

"Ṣé kò sí nǹkan, ọ̀gá mi?"

"Kò sí nǹkan," ni Làmídì fèsì, ó sì jáde.

Ó dúró ti irin orí Odi, atẹ́gùn ń na ẹ̀wù rẹ̀. Òfin kò ṣókùnkùn. Ẹni tó bá rí ihò gbọ́dọ̀ ké e síta lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ tí èèyàn bá kú, ilé-ẹjọ́ yóò kà á mọ́ ọn. Àmọ́ bí ó bá ké, tí Olùwòye sì ní kò sí ihò, wọ́n á bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùwòye ni ẹ̀rọ tí ń yẹ gbogbo ètò wò láìsinmi. Kò lè pàṣẹ, nítorí ẹ̀rọ kì í dúró níwájú adájọ́.

"Olùwòye," ni Làmídì sọ sínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, "ǹjẹ́ ihò wà nínú Àgbọn?"

"Kò sí ihò nínú Àgbọn," ni ohùn ẹ̀rọ náà dáhùn.

"Nínú Ìrókò ńkọ́?"

"Kò sí ihò nínú Ìrókò."

Làmídì mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí ó fẹ́ gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá ní kò sí, ta ni òun láti ní ó wà? Bí òun bá ké e, gbogbo ibùdó ni yóò sọ pé owú ń jó Ọ̀ṣínúbi nítorí ọmọ tó kọ́ níṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí òkun má tilẹ̀ yí lójijì. Bí ó bá sì yí… Ó fi èrò yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Kò parí rẹ̀, kò sì lé e lọ.

Sájẹ́ǹtì Kúyẹ̀, olórí àwọn awakọ̀ arìnmi, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní abíyá. Ó ti bá Làmídì ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun kò tíì hù sí àgbọ̀n rẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ti gbà wá lọ́wọ́ yín o," ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Wọ́n ní bí wọ́n bá ti pe Àgbọn, ká lọ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé, ká kó wọn dúró sí èbúté."

"Inú ilẹ̀kùn ni àbí ìta?"

"Ìta ni, ọ̀gá. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú omi ti máa gbé wọn." Kúyẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àbígbẹ̀yìn mi wà nínú wọn. Ó ti ń fò kiri láti àárọ̀ pé òun máa wọ ọkọ̀ ojú omi."

Làmídì wo ìsàlẹ̀, níbi tí èbúté wà.

"Ẹ máa rọra o," ni ohun tí ó rí sọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí fèrè ibùdó fi ké. Òkun ti bo ìlà yẹ́lò. Làmídì sáré padà sí Gbọ̀ngàn, ó sì bá Ọ̀gágun lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ lókè.

"Àgbọn!" ni Ọ̀gágun wí.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Tábìlì Ìbídùn tàn yòò bí ojú ọjọ́ tó là, ẹ̀gbà Làmídì sì tutù pátápátá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pẹ ti sùn. Ó wo bí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ṣe rọ̀gbà yí ọmọbìnrin náà ká, bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu wọn, ó sì yíjú sí fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn arìnmi ti ń jáde ní ilẹ̀kùn èbúté. Àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ búlúù, wọ́n di okùn kan mú kí wọ́n má bàa sọnù. Ọkọ̀ ojú omi kan kún, ó lọ. Òmíràn kún, òun náà lọ.

Lẹ́yìn náà ni omi ọ̀sà wú.

Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan gbé ìsàlẹ̀ ọ̀sà sókè bí ẹní. Àwọn ọkọ̀ tó ti lọ kò lè padà mọ́. "Òkun ń sún mọ́ ìlà pupa," ni Olùwòye wí, bí ẹni tó ń sọ pé oúnjẹ ti jinná.

Ìbídùn na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó yanu.

"Ihò!"

Ohùn Làmídì ni. Ó jáde kí ó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

"Kò sí ihò nínú Àgbọn," ni Olùwòye dáhùn. "Kò sí ihò nínú Ìrókò."

"Làmídì!" Ojú Ọ̀gágun pọ́n. "Ṣé irú àkókò yìí lo fẹ́ fi jowú?"

Ìbídùn kò wo Ọ̀gágun. "Níbo, ọ̀gá mi?"

"Láàárín méjèèjì. Ibi tí o fẹ́ yí sí yẹn gbà pé àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Ìta ni wọ́n wà. Bí o bá dárúkọ rẹ̀, o ti tì wọ́n mọ́ ìta."

Obìnrin náà yíjú sí fèrèsé. Ó rí aṣọ búlúù lórí pákó èbúté, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ gbàgà, bí ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé ahọ́n òun lè sọ ohun tí òun kò rán an. Ó fi ọwọ́ kejì fa Làmídì súnmọ́ ẹ̀rọ ìpè.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn! Ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́!"

"Kúyẹ̀!" Làmídì ké sínú ẹ̀rọ. "Kó àwọn ọmọ sókè padà! Kó wọn wọlé! Má ṣe dúró de ọkọ̀ kankan!"

Arìnmi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Omi ti ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó ń sáré gba àdúgbò àkọ́kọ́ nísàlẹ̀. Ọ̀gágun ń pariwo pé, "Tì í, Ìbídùn, tì í! Gbogbo ìlú ló wà nínú ewu!" Obìnrin náà ń mi orí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu, omijé ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Làmídì gbọ́ tí Kúyẹ̀ ń ka orúkọ àwọn ọmọ, tí ohùn rẹ̀ ń já. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ pé, "Gbogbo wa ti wọlé! Ọ̀gá, gbogbo wa!"

Ìbídùn mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Ìrókò," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. Gbogbo Odi mì bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì.

Àwọn ọmọ yè, gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n omi tó wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì ti gbé Baba Jáyéọlá lọ, aránṣọ arúgbó kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn èbúté, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó tètè dìde. Wọ́n rí i ní ọ̀sán, nígbà tí ìjì rọlẹ̀, ó ṣì di tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ mú.

Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ẹ̀gbà méjèèjì lọ́wọ́ Ìbídùn níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní kí ó lọ múra sílẹ̀ de adájọ́ nítorí ikú aránṣọ náà. Lẹ́yìn náà ó kó ẹ̀gbà náà sọ́wọ́ Làmídì, ó dì mọ́ ọn. "Ojú tí ẹ̀rọ kò ní," ó wí. "Ojú tí ẹ̀rọ kò ní ni èyí." Kúyẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tútù. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá tí wọ́n rọ̀gbà yí obìnrin náà ká láàárọ̀ wá ń bọ Làmídì lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí ó ti ń wá ni wọ́n kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dúró láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n wọ ẹ̀wù òkú fún.

Ó bá Ìbídùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gágun, níbi tí obìnrin náà jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, tí ó ń fi ọwọ́ pa ibi tí irin ti jó o lára. Ìbídùn dìde nígbà tí ó rí i.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi."

"Má dúpẹ́."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Láàárọ̀, nígbà tí ẹ tẹ̀ba lé tábìlì, mo rí i tí ojú yín yí padà. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí nǹkan. Lẹ́yìn tí ẹ jáde, mo wá a, mo wá a, mi ò rí i. Mo wá ní, bí ó bá jẹ́ nǹkan gidi ni, ẹ ò ní ṣàì sọ fún mi."

Làmídì gbá àwọn ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú.

"Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ti dé. Ó bi mí ìgbà tí ẹ rí ihò náà." Ó gbójú sókè. "Mo ní bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe ké e. Ohun tí màá sọ fún adájọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Èmi ni mo ru ètò méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n ru ẹ̀bi rẹ̀."

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Làmídì wá ẹ̀gàn níbẹ̀, ì bá ti dì mọ́ ọn bí ó bá rí i, ṣùgbọ́n kò rí i. Ó ro Baba Jáyéọlá pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́. Ó wo ọmọ tó mú jókòó níwájú ní kíláàsì ọjọ́sí, tó fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n fún un láìbéèrè kọ́bọ̀. Owú tó ti ń jó o láti ọ̀sẹ̀ yìí tún gbé orí, ó gbóná ju ti àárọ̀ lọ. Àní nínú èyí náà, Ìbídùn tún ga jù ú lọ.

"Jókòó síbẹ̀," ó wí.

"Ọ̀gá mi, níbo lẹ ń lọ?"

Ó ti kọjá lára rẹ̀. Ó gbọ́ ìró bàtà obìnrin náà lẹ́yìn òun, ó sì túbọ̀ mú ẹsẹ̀ yá. Kò mọ̀ bóyá òkú aránṣọ yẹn ló ń lé e, tàbí pé kò kàn lè gbà kí Ìbídùn tún ṣáájú òun dé ibí yìí. Ó kan ilẹ̀kùn, kò dúró kí wọ́n dáhùn. Ọ̀gágun gbójú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fẹ́ fi àga lọ̀ ọ́.

"Láàárọ̀ ni mo ti rí i, ọ̀gá," ni Làmídì wí. "Láàárọ̀ kùtù."